Ìlù fún Ojú, Ilé fún Etí: Bí Orin Ṣe Ń Darí Ọwọ́ Oníṣẹ́ Ọ̀ṣọ́ Inú Ilé

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo kí yín o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ inú ilé, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ kápẹ́ńtà, táìsì àti kọ́tìnnì bá pọ̀ lẹ́nu mi ju bí àwọn àgbà ṣe rò lọ, kí wọ́n forí jì mí.

Wọ́n ní kí n sọ bí orin ṣe ń ta oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ilé jí. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí. Ẹ ń retí kí n sọ pé tí mo bá ti gbọ́ orin kan báyìí, orí mi á wú, oríṣiríṣi àwọ̀ á máa wá sọ́kàn mi, ọwọ́ mi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán fúnra rẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi ìyẹn jẹun? Orí tó wú lálẹ́ lè má wú mọ́ tílẹ̀ bá mọ́, oníbàárà sì ti san àsansílẹ̀.

Àwọn mìíràn ń retí ilé tí wọ́n fi orin ṣe lọ́ṣọ̀ọ́: gìtá tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, wọ́lpépà tí wọ́n ya àmì orin sí, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé oúnjẹ, gángan kéékèèké tí wọ́n ki gílóòbù sínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti rí. Àwòrán orin ló wà níbẹ̀, orin fúnra rẹ̀ ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹ wo Piet Mondrian, ayàwòrán ọmọ Netherlands tó kó dé New York lọ́dún 1940. Orin boogie-woogie tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ń fi dùùrù lù gbà á lọ́kàn pátápátá. Àwòrán tó tìtorí orin yẹn yà láàárín 1942 sí 1943 kò ní dùùrù kankan nínú, kò sì ní olórin kankan. Ìlà àwọ̀ òféèfèé bí ẹyin adìyẹ ló gba inú rẹ̀ já, igun mẹ́rin kéékèèké aláwọ̀ pupa, búlúù àti eérú sì tò sára wọn. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn díẹ̀, ojú yín á bẹ̀rẹ̀ sí í ta pọ́ún láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí orin náà ṣe ń rìn ló mú, ó fi bó ṣe rí sílẹ̀.

Èyí ni mo wá sọ: orin ń kọ́ wa ní ètò. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ló ń gbè é? Ìgbà wo ló yẹ kí ẹnì kan dákẹ́? Báwo ni àlàfo ṣe yẹ kó fẹ̀ tó? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí nínú ìlù, ó ti mọ ìdajì iṣẹ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn onílù dùndún níbi ìgbéyàwó á ti kíyè sí i pé ìlù kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀. Ìyáàlù ni. Òun ló ń ki ìyàwó, òun ló ń pe bàbá ìyàwó lórúkọ, òun náà ló ń fi òwe gún ẹni tó káwọ́ sápò tí kò fẹ́ náwó. Kẹríkẹrì, ìsáájú àti kànnàǹgó ń gbè é lẹ́yìn, kálukú mú gbólóhùn kúkurú kan dání, kò sì jù ú sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni gúdúgúdú wà, ó kéré, wọ́n gbé e kọ́ ọrùn, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè sódò bíi ti dùndún, ohun kan náà ló sì ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Kò sẹ́ni tó ń náwó fún gúdúgúdú. Ṣùgbọ́n ẹ mú un kúrò láàárín wọn, ẹ ó rí bí ẹsẹ̀ àwọn oníjó á ṣe máa ṣìnà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ pálọ̀ kan ní Lekki, tàbí ní Bódìjà, tàbí níbikíbi tí owó bá ti délé láìpẹ́. Lókè, àjà POP onípele mẹ́ta, iná búlúù àti iná pupa ń tàn láti inú rẹ̀. Ní ògiri tẹlifíṣàn, mábù, tàbí pánẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe bíi mábù. Ní ògiri kejì, wọ́lpépà tó yọ gọngọ bí òkúta. Àga wúrà lápá, wúrà lẹ́sẹ̀. Kọ́tìnnì ìpele méjì. Nílẹ̀, táìsì tó ń dán débi pé ẹ tún ń rí POP yẹn lẹ́ẹ̀kejì nínú rẹ̀. Bí ẹ bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó burú. Àmọ́ ìyáàlù ni gbogbo wọn. Ìyáàlù mẹ́fà nínú yàrá kan, kálukú ń ki oríkì tirẹ̀, àlejò tó wọlé kò gbọ́ ti ẹnì kankan. Ẹ̀yin náà á ti jókòó nínú irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, tí ẹ kàn fẹ́ tètè máa lọ, tí ẹ ò sì mọ ohun tó fà á.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi oníbàárà nìyẹn: kí lẹ fẹ́ kó sọ̀rọ̀ nínú yàrá yìí? Ọ̀pọ̀ wọn kì í lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ìyá kan wọ yàrá lọ, ó ṣí àpótí, ó gbé sányán ìyá rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ bùṣe. A na aṣọ náà sínú férémù onígíláàsì, a fi í sí ògiri tí ẹni tó bá wọlé á kọ́kọ́ rí, níbi tí oòrùn kò lè dé bá a. Gbogbo ohun tó kù wá ń gbè é. Ọ̀dà ara ògiri rọ díẹ̀ sápá àwọ̀ erùpẹ̀, igi ìrókò wà lára tábìlì àti sẹ́ẹ̀fù, àga kò ní ju àwọ̀ kan lọ. Gúdúgúdú ńkọ́? Gúdúgúdú ni àwọn nǹkan tí àlejò kankan ò ní yìn láéláé: ọwọ́ ilẹ̀kùn kan náà jákèjádò ilé, súìṣì iná tó wà ní gíga kan náà ní gbogbo yàrá, pákó ìsàlẹ̀ ògiri tí fífẹ̀ rẹ̀ kò yí padà láti pálọ̀ dé ilé ìdáná. Oníbàárà máa ń fẹ́ gé owó ibẹ̀ kúrò. Ẹ má gbà fún un.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àlàfo, torí ibẹ̀ ni orin ti ràn mí lọ́wọ́ jù.

Nínú ọ̀pọ̀ orin wa, agogo ló ń di àkókò mú. Ọ̀nà kan wà tó ń lù tí àwọn onímọ̀ orin ń pè ní kóńkóló. Ẹ gbọ́ ọ níbi ọdún òrìṣà, ẹ gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun, àwọn ọmọ Lukumí, ìyẹn àrọ́mọdọ́mọ Yorùbá ní Kúbà, náà ṣì ń lù ú níbi bẹ̀mbẹ́, àríyá òrìṣà wọn. Bí ẹ bá pín ìyípo rẹ̀ kan sí ìdá méjìlá, agogo á dún lẹ́ẹ̀meje. Àlàfo tó wà láàárín ohùn kan sí èkejì ni: méjì, méjì, ọ̀kan, méjì, méjì, méjì, ọ̀kan. Lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ ka ìṣísẹ̀ dó sí dó lórí dùùrù: dó sí rè, méjì, rè sí mí, méjì, mí sí fá, ọ̀kan, fá sí sò, méjì, sò sí là, méjì, là sí tí, méjì, tí sí dó, ọ̀kan. Ètò kan náà ni, ọ̀kan ń fi í rin àkókò, èkejì ń fi í gun ohùn. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní.

Kí ni a ó fi ṣe nínú ilé? Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ fẹ́ kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lóròó mọ́ ògiri kan tó gùn ní mítà 3.6. Bí ẹ bá sọ fún kápẹ́ńtà pé kó tò ó, á wọn gbogbo àlàfo lọ́gbọọgba. Ojú á wò ó lẹ́ẹ̀kan, á mọ̀ ọ́n, á sì kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá ní kó kàn ṣe é bó ṣe wù ú, rúdurùdu ni yóò dà. Àmọ́ ẹ pín ògiri náà sí ìdá 24, ìdá kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15. Kí pákó wà ní 0, 30, 60, 75, 105, 135 àti 165. Ní 180, ìyípo kejì bẹ̀rẹ̀, kí ó tún rí bákan náà títí dé òpin. Ojú mọ̀ pé ètò kan wà níbẹ̀, kò kàn lè tètè sọ ohun tó jẹ́, nítorí náà ó ń padà wá. Kápẹ́ńtà tí mo kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ yìí fún rò pé mo ṣìṣirò ni, ó ń wo tẹ́ẹ̀pù, ó ń wo mi. Mo fi ọwọ́ lu ètò náà sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Onílù ni ní ìjọ Kérúbù àti Séráfù, kò tún bi mí ní ìbéèrè mọ́.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ rí i dájú pé ìyípo náà wáyé ní ìgbà méjì, ó kéré tán. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹni tó wò ó á ní kápẹ́ńtà yín ò mọṣẹ́. Ìtúnsọ ló ń sọ ọ́ di ìlù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọgbọ́n abúlé lásán ni mò ń tà. Iannis Xenakis, ọmọ Gíríìkì tí wọ́n bí ní Romania lọ́dún 1922, jẹ́ ẹnjiníà, ó sì jẹ́ olórin. Ó sá kúrò ní Gíríìsì lẹ́yìn ogun, ó dé Paris lọ́dún 1947, ó sì rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ Le Corbusier, ayàwòrán ilé tí gbogbo ayé mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Dominican ní La Tourette, lẹ́bàá ìlú Lyon, Xenakis ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ fèrèsé ńláńlá ibẹ̀ fún. Ó fi àwọn òpó kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ pín gíláàsì náà, ṣùgbọ́n kò tò wọ́n lọ́gbọọgba. Níbì kan wọ́n sún mọ́ra gan-an, níbòmíràn wọ́n jìnnà síra, bí ohùn orin ṣe ń ki tó tún ń fọ́nká. Ọdún 1960 ni ilé náà parí. Ẹni tó bá ń rìn nínú ọ̀nà rẹ̀ lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ á máa ṣí, á máa pa lára rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Xenakis yìí kan náà kọ orin kan fún ẹgbẹ́ olórin ńlá, wọ́n kọ́kọ́ lù ú ní Jámánì lọ́dún 1955. Nínú rẹ̀, àwọn tó ń ta gòjé kò dúró sórí ohùn kan, kálukú ń fi ohùn rẹ̀ yọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè tàbí láti òkè bọ̀ nísàlẹ̀ ní ìwọ̀n eré tirẹ̀. Bí ẹ bá yà á sórí ìwé, ìlà títọ́ lásán ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá pọ̀, wọ́n á di ohun tó tẹ̀ kọrọdọ. Lọ́dún 1958, ó lo èrò yẹn láti fi ṣe ilé àfihàn ilé-iṣẹ́ Philips níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Brussels: ògiri àti òrùlé rẹ̀ tẹ̀, wọ́n ká, síbẹ̀ ìlà títọ́ ló bí gbogbo wọn. Wọ́n wó o lulẹ̀ lọ́dún 1959. Bí ilé ìpàtẹ ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ohun mìíràn wà tí wọ́n máa ń kọ́ yín ní kíláàsì, tí mi ò fi gbogbo ara gbà. Láti ayé Pythagoras, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì ìgbàanì, ni wọ́n ti mọ̀ pé bí ẹ bá dín okùn gòjé kù sí ìdajì, ohùn kan náà á padà wá lókè. Bí ẹ bá dín in kù sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ẹ ó gbọ́ láti dó sí sò. Alberti, ayàwòrán ilé ní Ítálì, sọ pé nọ́ńbà tó dùn létí náà ló dùn lójú. Palladio, ayàwòrán ilé ní Ítálì bákan náà, nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1570, ní kí yàrá jẹ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, méjì sí mẹ́ta, ọ̀kan sí méjì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Yàrá mítà 4 sí 6 dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó dára torí pé bẹ́ẹ̀dì wọ̀ ọ́, ènìyàn sì rí ibi gbà kọjá. Mi ò tíì rí ẹni tó wọ yàrá tó gbọ́ dó sí sò. Ojú kì í rí yàrá látòkè bí àwòrán orí ìwé. Ó ń rí i bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbé e lọ, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ara wọn, bí a ṣe ń gbọ́ orin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ọ̀rọ̀ àkókò sí ju ọ̀rọ̀ ìwọ̀n okùn lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ àkókò yìí, olùkọ́ mi ni Fela. Ẹ̀yin tí ẹ mọ orin rẹ̀ mọ̀ pé kì í tètè jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn òun. Gìtá kan á wọlé, òmíràn á dá a lóhùn, Tony Allen, onílù rẹ̀, á gbé ìlù sábẹ́ wọn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á bọ́ sí i, àwọn afunfèrè á wá bú jáde. Ẹ ti jó títí kó tó la ẹnu. Nígbà tó bá wá sọ̀rọ̀, etí yín ti là sílẹ̀ fún un. Ẹ fi ìyẹn wé fúláàtì tí wọ́n ń kọ́ báyìí. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ rí àga, ẹ rí tẹlifíṣàn, ẹ rí tábìlì oúnjẹ, ẹ tún ń rí ìkòkò lórí sítóòfù. Ilé ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó bọ́ bàtà.

Àwọn baba wa kò kọ́lé bẹ́ẹ̀. Nínú agbo ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀: òrùlé rẹlẹ̀, inú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ara tutù. Ibẹ̀ lẹ ti ń kí àgbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àgbàlá á ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú ojú ọ̀run. Nínú fúláàtì kan náà, a lè ṣe irú rẹ̀ láìwó ògiri: ẹ mú POP ẹnu ọ̀nà wálẹ̀ sí mítà 2.4, ẹ jẹ́ kí ọ̀dà ibẹ̀ ṣókùnkùn ju ti pálọ̀ lọ, kí iná ibẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan tó rọra tàn, ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú díẹ̀ kí pálọ̀ má ṣe hàn tán. Pálọ̀ tí òkè rẹ̀ jẹ́ mítà 3 á wá dà bíi gbọ̀ngàn. Owó rẹ̀ kò tó ti mábù ara ògiri tẹlifíṣàn.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ojú nìkan ló ń lo ilé. Etí náà ń gbé inú rẹ̀. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní àwo rẹ́kọ́ọ̀dù Hárúnà Ìṣọ̀lá àti ti Yúsúfù Ọlátúnjí tó kún àpótí. Ó kọ́ ilé tuntun, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síbẹ̀, ó ní orin náà kò dùn mọ́. Ó ra ẹ̀rọ agbóhùnjáde tó tóbi sí i. Ó tún burú sí i. Ẹ̀rọ kò ní ẹ̀bi kankan: táìsì, símẹ́ǹtì tí wọ́n rẹ́ dáadáa, gíláàsì, POP, kò sí ohun kan nínú yàrá náà tó lè gbé ohùn mì.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ yìí ni Wallace Sabine, ọ̀dọ́ olùkọ́ físíìsì ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1895, wọ́n ní kó wá wo gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò ti lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ, torí ọ̀rọ̀ kan á ṣì máa dún nígbà tí èkejì bá ti jáde. Lóru, tí ariwo bá ti rọlẹ̀, òun àti àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ á ru tìmùtìmù láti inú gbọ̀ngàn mìíràn wá, wọ́n á tò ó síbẹ̀, wọ́n á fun fèrè, wọ́n á sì fi aago wọn bí ohùn náà ṣe pẹ́ tó kó tó kú. Iṣẹ́ yẹn ló gbé lọ sí Symphony Hall ní Boston, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1900. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi 0.161 sọ ìwọ̀n inú yàrá di púpọ̀, kí ẹ wá fi agbára ìgbóhùnmì gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ pín in. Pálọ̀ mítà 5 sí 4, tí òkè rẹ̀ jẹ́ 3, ìwọ̀n inú rẹ̀ jẹ́ 60. Bó bá ṣófo, agbára ìgbóhùnmì rẹ̀ lè má ju 3 lọ, ohùn á sì pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 3 kó tó kú. Ẹ gbé rọ́ọ̀gì tó nípọn síbẹ̀, kọ́tìnnì tó wúwo tó sì ṣẹ́po dáadáa, àga aláṣọ àti sẹ́ẹ̀fù tí nǹkan kún, agbára náà lè di 15. Ohùn kò ní pẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.6 lọ mọ́.

Kí ló kan ìlù nínú èyí? Ìta gbangba àti àgbàlá ni wọ́n ti ń lu ìyáàlù, níbi tí ohùn ti ń jáde tó sì ń lọ. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ohùn ló sì ń fi sọ ọ́. Nínú yàrá tí ohùn kì í kú, ti òkè á gun ti ìsàlẹ̀ lẹ́yìn, oríkì á sì di ariwo. Orin ṣọ́ọ̀ṣì onídùùrù ńlá lè gbádùn irú yàrá bẹ́ẹ̀. Àpàlà kò lè gbádùn rẹ̀. A fi kọ́tìnnì olówùú kan bo odidi ògiri kan fún bàbá náà, a tẹ́ rọ́ọ̀gì, a to àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù sínú sẹ́ẹ̀fù lẹ́yìn àga rẹ̀. Ó dá ẹ̀rọ agbóhùnjáde ńlá yẹn padà sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó yan aṣọ kọ́tìnnì, ẹ dúró láàárín yàrá tó ṣófo, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ wá tan orin tí oníbàárà fẹ́ràn lórí fóònù yín níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá gbọ́ á sọ iye aṣọ tí ẹ ó rà fún yín.

Wọ́n ti ń na ọwọ́ sókè. Ìbéèrè kan ni irú orin tí mo máa ń gbọ́ bí mo bá ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ń ṣírò, mi ò kì í gbọ́ orin rárá, torí ẹni tó ń bá Ebenezer Obey kọrin kò lè ka sẹ̀ǹtímítà pé. Nígbà tí mo bá ń yan aṣọ àti àwọ̀, orin tí àwọn onílé ń gbọ́ ni mo máa ń gbọ́, kódà bí mi ò bá fẹ́ràn rẹ̀.

Ìkejì: ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà lẹ́yìn yẹn bèèrè pé báwo ni òun á ṣe fi kọ́tìnnì dá ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò dúró. Kọ́tìnnì ò lè dá a dúró, àbúrò mi. Kọ́tìnnì ń tọ́jú ohùn tó ti wà nínú ilé ni. Ohun tó bá fẹ́ wọlé láti ìta, ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbà ni òun náà á gbà. Fèrèsé tí ẹ ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í pa dé dáadáa, èyí tí ẹ ń ṣí síta tó ní rọ́bà létí ló dára jù. Ẹ gbé wọ́dúróòbù tí aṣọ kún sí ògiri ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ náà, kí bẹ́ẹ̀dì wà ní òdìkejì. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí gbogbo èyí, ẹ kọ́kọ́ dí àlàfo abẹ́ ilẹ̀kùn.